Ọ̀DÀ YẸ́LÒ: ORÚKỌ KAN NÁÀ, ÀWỌ̀ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Láti ìgbà tí owó-yíyá fún ìparí ilé ti pọ̀ láàrin wa, láti Ìkòròdú dé Ìmọ̀tà, títí dé Agbówá àti Ẹ̀pẹ́, ẹjọ́ kan ń wá sí ọ́fíìsì wa lemọ́lemọ́. Ẹjọ́ ọ̀dà yẹ́lò ni, yẹ́lò tó rọra pọ́n, èyí tí àwọn kan ń pè ní krímù, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ́tà. Onílé á ra garawa méjì, kò ní tó. Á tún ra ìkẹta, ṣùgbọ́n ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ni, torí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀. Bí ògiri bá gbẹ tán, apá kan á pọ́n bí ẹyin adìẹ, apá kejì á dà bí ẹ̀kọ. Akunlé ni wọ́n á kọ́kọ́ bú. Ẹ̀bi akunlé kọ́ o.

Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé orúkọ kì í ṣe àwọ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kí krímù Berger, ti Dulux àti ti Sandtex jọ ara wọn. Olúkúlùkù ló ní káàdì àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn òyìnbó ti rí wàhálà yìí tipẹ́. Ìdí nìyí tí Jámánì fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àwọ̀ RAL ní 1927, tí Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní tirẹ̀, tí mágíńólíà fi jẹ́ 08 B 15 nínú BS 4800. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ má bèèrè orúkọ.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Ohun tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà di yẹ́lò kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Òmíràn jẹ́ erùpẹ̀ onípẹtà. Oòrùn kì í tètè pa á, sìmẹ́ǹtì kì í sì jẹ ẹ́. Òmíràn jẹ́ èròjà oníkẹ́míkà tó ń tàn yòò, ṣùgbọ́n tí àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń ṣá. Òmíràn sì ní òjé nínú, pàápàá nínú ọ̀dà dídán tí a fi ń kun ilẹ̀kùn àti irin. Èyí kò dára fún ọpọlọ ọmọdé rárá. NAFDAC ti ṣòfin ní 2021 pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Garawa tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára, ẹ má gbé e wọlé.

Ẹ tún kíyè sí iná. Ọ̀dà méjì lè bára mu nínú oòrùn, kí wọ́n sì yapa lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Ẹ kun ojú pátákó kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kí ẹ tó san owó gidi.

Ìṣirò ni oògùn àìtó. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní 10, ní ẹsẹ̀ bàtà 480 níbùú lóròó, bíi mítà 45. Bí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó kù bíi 40. Lítà ọ̀dà kan máa ń kun bíi mítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì tí a ń kun á gba lítà 8, ìyẹn gálọ́ọ̀nù onílítà mẹ́rin méjì. Ògiri hàràhàrà á mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ara garawa bára mu, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike ńlá kí akunlé tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá ti wá tán láàrin iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára ògiri, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀. Bí kò bá sì bára mu gan-an, igun ògiri ni kí ẹ ti parí ti àtijọ́, kì í ṣe àárín. Ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ ní igun.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní owó àwọn làwọn ń ná, kí ẹgbẹ́ má dá sí i. Òótọ́ ni. A ò ní yan ilé-iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ fi ra ìkẹta, tí ẹ tún fi ra ìkẹrin láti bo ìtìjú ìkẹta, owó-yíyá ni, ẹ ó sì san án padà. Àbá wa ni pé kí àwọn tó fẹ́ kun ilé lóṣù kan náà forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí a jùmọ̀ ra á, kí a sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ sínú ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.