Kí Ni Yánníbo Ń Ṣe Nínú Àlọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ọkùnrin àti obìnrin, láti Òmù-Àrán títí dé Èkó, kó fetí sí àlọ́ tí a ń pa fún wọn. Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ló ń wá ọmọ. Síbẹ̀ Ìjàpá ló lọ bá babaláwo, òun ni wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má tọ́ àsèjẹ náà wò, òun ni ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòló lójú ọ̀nà, òun ló jẹ ẹ́, ikùn òun ló sì wú. Ẹni tó ni ìṣòro wà nílé, ó ń retí. Kì í ṣe àlọ́ wa nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Àjọ tí òṣèré Geena Davis dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004 yẹ àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe fún ọmọdé láàárín 1990 sí 2005 wò, wọ́n sì rí i pé bí obìnrin kan bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tó lé ní méjì ló ń sọ̀rọ̀. Kíkà náà wúlò, àmọ́ kò tó. Yánníbo wà nínú àlọ́ wa, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí èmi máa béèrè ni pé ta ló ṣe ìpinnu tó yí ìtàn náà padà.

Àwọn kan á ní Ìjàpá kì í ṣe ẹni àwòkọ́ṣe: olè ni, ọ̀kánjúwà ni, ìyà ló sì máa ń jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, kí wá ni ọmọbìnrin pàdánù? Ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ni ọkàn ọmọdé ń bá rìn, torí òun ló ń ronú, tó ń pète, tó ń ṣubú, tó sì tún ń dìde. Àṣìṣe rẹ̀ pàápàá ń fi han ọmọkùnrin pé ẹni bíi tirẹ̀ lè dáwọ́ lé nǹkan. Yánníbo kì í sábà ṣàṣìṣe, nítorí kì í sábà dáwọ́ lé ohunkóhun. Àwọn mìíràn á ní eré lásán ni, ọmọdé á gbàgbé. Àwọn kan náà ló ń sọ pé àlọ́ ló kọ́ wa níwà. Bí àlọ́ bá lè kọ́ ọmọ pé olè jíjà kò dára, ó lè kọ́ ọ pé ilé ni obìnrin ti ń dúró.

Àwọn eré tuntun ń gbìyànjú. Nínú Bino and Fino, kàtúùnù tí Adamu Waziri ṣe l'Ábújá, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ ń wádìí ọ̀rọ̀. Iwájú, tí ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe, tó jáde ní 2024, fi Tọlá, ọmọbìnrin ará Èkó, ṣe olórí ìtàn. Mo gbóríyìn fún wọn, síbẹ̀ bàbá Tọlá ló ṣe alángbá ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ, Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ló sì mọ tinú tòde ẹ̀rọ. Mọremí àtijọ́ ta wọ́n yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló pète pé kí àwọn ọ̀tá mú òun lẹ́rú, òun ló sì gbé àṣírí wọn padà wá sí Ifẹ̀. Àmọ́ Mọremí nìkan kò lè ru ẹrù gbogbo ọmọbìnrin, nígbà tí ọmọkùnrin ní ọba, ọdẹ, babaláwo àti ọ̀lẹ tó lè yàn nínú wọn.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí mìíràn ni pé ọmọbìnrin tó bá ń wo eré tí obìnrin ti ń ṣe olórí kò ní rílé ọkọ gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà ló jẹ́ pé owó tí ìyá wọn pa lọ́jà ló rán wọn níléèwé, ilé kò sì tú. Obìnrin tó ń dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ gan-an ni a kò rí nínú àlọ́. Ọmọkùnrin náà ń pàdánù tirẹ̀. Mélòó ni ọkùnrin tó pọn ọmọ tó ń ké sẹ́yìn nínú eré, tí kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀?

Àtakò tó kù ni pé àṣà òyìnbó ni kí obìnrin máa ṣe akọni. Ẹni tó bá máa sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà, kó kọ́kọ́ yà sí Èsìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún tí Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn fáyé gbọ́ ní 1933. Tọkùnrin tobìnrin ló wà nínú wọn. Ẹ wo àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà: irun tí wọ́n fín lọ́nà, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, àdá lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó sórí àpótí bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Òyìnbó kọ́ ló fi àdá yẹn lé wọn lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ tó ń kó ọmọ wá wo ère wọ̀nyí lè ṣe ju pé kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà. Wọ́n lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pa àlọ́ nípa obìnrin aládàá kan: ibo ló ń lọ, kí ló fẹ́ ṣe, ta ló sì ń bá a tọ́jú ọmọ títí yóò fi dé?