Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta: Ojú Ọ̀nà Ìsìkàn Ni Kí Òbí Fi Yàn Án

Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ti ọmọ kiri nínú rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ojú ọ̀nà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó wo kẹ̀kẹ́. Kó jáde sí Ìsìkàn lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, kó rìn díẹ̀, kó sì wo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ọ̀dà tó ti hó létí títì, yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá, gọ́tà tí wọ́n fi pákó dí lójú, òkúta wẹ́wẹ́, àti ọ̀kadà tó ń wá àyè láàárín èrò. Ibẹ̀ ni táyà kẹ̀kẹ́ náà yóò máa gbà kọjá.

Ọ̀pọ̀ òbí kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aṣọ ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n ń wò, tàbí bó ṣe máa rí nínú fọ́tò ìkómọjáde. Wọ́n á ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin onítáyà wẹ́wẹ́ nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì dára lójú, kó tó pé oṣù mẹ́ta ó ti di ohun tí wọ́n ń kó aṣọ lé nínú yàrá. Fún ìgboro bíi Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí táyà rẹ̀ tóbi ló tọ́ sí òbí tó bá máa ra kẹ̀kẹ́ ọmọ rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dára, èyí tí wọ́n sì ti lò nílùú òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nílò àyẹ̀wò ju bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Kẹ̀kẹ́ onítáyà wẹ́wẹ́ náà ní ìtàn. Ní 1965 ni Owen Maclaren, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwòrán kẹ̀kẹ́ ọmọ onírin fífúyẹ́ tó ṣe é ká bí agboòrùn. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹsẹ̀ tí bàlúù ogun Spitfire fi ń balẹ̀, nítorí náà ó mọ bí irin ṣe lè ká kó sì tún le. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni. Àmọ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ ni irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún, níbi tí ìyá ọmọ lè gbà láti ẹnu ilé rẹ̀ dé ibùdókọ̀ láìkan kòtò kan.

Ibòmíràn ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti wá. Ní 1984, ní ìlú Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, Phil Baechler tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn fẹ́ máa gbé ọmọ rẹ̀ dání bó bá ń sáré ìdárayá. Ó so táyà báísíkù mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Baby Jogger. Nítorí eré sísá àti ilẹ̀ gbágungbàgun ló ṣe é. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, títí dé New Zealand níbi tí kẹ̀kẹ́ Mountain Buggy ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú un bá ìgboro wa mu kò ṣòro láti lóye. Bí táyà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bá bọ́ sínú ihò, yóò dúró gbọnin síbẹ̀, ara kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ, ọmọ á sì fi orí síwájú. Táyà oníínṣì 12 tàbí 16 á yí gba orí ihò kan náà kọjá, ọmọ lè má tilẹ̀ jí lójú oorun. Bákan náà, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ní ẹsẹ̀ kan lókè. Bó ti wù kí ilẹ̀ rí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń kan ilẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́, tí ẹni tó ń tì í á máa fi agbára dì í mú.

Àléébù rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rí ti mọ̀ ọ́n. Buba Marwa, ológun tó ṣe alákòóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ náà títí di òní. Gbogbo ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ló mọ̀ pé bí onímárúwá bá fi eré yí kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ iwájú tí kò ní táyà ló máa ń fẹ́ dà sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí. Èyí tó dára ni èyí tí àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, tí ìjókòó ọmọ sì sún mọ́ ilẹ̀. Èyí tó ga fíofío, tó sì tín-ínrín, kí òbí fi í sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́n tó.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ìyá ọmọ gbé báàgì ọjà kọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í. Iṣu méjì, tòmátì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó bá rọ̀ sẹ́yìn ti tó láti gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, pàápàá bí ọmọ bá fúyẹ́. Abẹ́ ìjókòó ni apẹ̀rẹ̀ ẹrù wà. Ohun tí kò bá gba ibẹ̀, kó gbé e dání tàbí kó fún alábàárù.

Táyà iwájú ló tún yẹ kí ojú wà lára rẹ̀. Ti àwọn kan dúró lójú kan, kì í yí. Wọ́n dára fún eré, ṣùgbọ́n láàárín èrò ọjà, ìgbà gbogbo ni òbí á máa gbé iwájú rẹ̀ sókè kó tó lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ti àwọn mìíràn ń yí bó bá ṣe wù ú, wọ́n rọrùn, àmọ́ bí ọ̀nà bá burú tàbí tí ìrìn bá yá, táyà náà á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Èyí tó ń yí, tó sì ní ibi tí wọ́n lè ti tì í pa kó dúró lójú kan, ni kí òbí wá. Kó ṣí i fún ìsọ̀ ọjà, kó tì í pa fún ọ̀nà eléruku.

Táyà tó ń gba afẹ́fẹ́ rọ̀ ju èyí tí wọ́n fi fóòmù kún lọ, àmọ́ ìṣó lè lu ú. Ìyẹn kò yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù nílùú tí àwọn tó ń lẹ táyà pọ̀ létí títì, nítorí pé ẹnu táyà ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Kìkì pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn lágbára: nọ́ńbà tí táyà náà lè gbà wà lára rẹ̀, ó sì lè kéré sí ti mọ́tò. Kí òbí kà á sókè fún ẹni tó fẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ orí ọmọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọrùn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò tíì gbó tó láti jókòó. Ó gbọ́dọ̀ sùn gbalaja tàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ kì í balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wo ìrìn tí ìyá ọmọ ń rìn jù lákòókò yẹn. Lórílẹ̀-èdè yìí, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sí Mother and Child Hospital ní Òkè-Àró, tí ìjọba Gómìnà Olusegun Mimiko ṣí ní 2010, tàbí sí èyí tó wà ní ìlú Oǹdó, kò tíì lè fi ọmọ yẹn jókòó sínú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn ni. Ìgbà abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án ni kẹ̀kẹ́ máa ń wúlò, ọmọ ti lè jókòó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wúwo lẹ́yìn. Eré sísá pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣáájú oṣù kẹfà. Àwọn kan tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ ní kó di oṣù kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ ló gbẹgẹ́ jù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun wọ́n, nítorí náà èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní London tàbí Houston ni ọ̀pọ̀ ń rà, tàbí tí ẹ̀gbọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé wọ́n ti pe àwọn kan padà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹni tó rà á níhìn-ín. Ní oṣù Kọkànlá 2009, ilé-iṣẹ́ Maclaren pe kẹ̀kẹ́ tó tó mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà, torí pé ibi tó ti ń ká lè gé ọmọ níka. Ìròyìn ọmọ 12 tí orí ìka wọn gé ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kejì 2018, CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀sùn dìde sí ilé-iṣẹ́ Britax lórí kẹ̀kẹ́ BOB ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù: táyà iwájú lè yọ lójijì bí ohun tí wọ́n fi dè é kò bá le. Ìròyìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó bíi 200, ó kéré tán ọmọ 50 ló sì fara pa. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò sí ewu bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ; kó tó di òpin ọdún yẹn wọ́n parí ẹjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń dè é, àti láti fún wọn ní ohun ìdè mìíràn.

Ta ló kọ́ oníbàárà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ tàbí ní Ademulegun Road ní Oǹdó? Kò sẹ́ni kankan. Nítorí náà kí òbí wá bébà tàbí ìlẹ̀mọ́ tó wà lára irin kẹ̀kẹ́, kó ka orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kó sì fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkọsílẹ̀ CPSC. Foonù ọwọ́ ti tó. Bí wọ́n bá ti yọ ìlẹ̀mọ́ náà, kó má rà á. Ti Yúróòpù máa ń ní nọ́ńbà ìlànà ààbò EN 1888, ti Amẹ́ríkà F833. Láti oṣù Kẹsàn-án 2015 ni ìlànà F833 ti di òfin lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn fi sàn jù.

Kí òbí tó sanwó, kó gbé àpò ìrẹsì kékeré sí ìjókòó dípò ọmọ, kó tì í lọ sí ibi tó dagun, kó tẹ bíréékì, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Kó fa táyà iwájú sókè sísàlẹ̀. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ di èjìká méjèèjì, ìbàdí méjèèjì àti àárín itan. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí wọ́n ṣe èyí, kí wọ́n fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Oòrùn oṣù Kejì àti Kẹta ní Àkúrẹ́ kò tún ṣe é fi ṣeré. Àwọn ìyá kan a máa fi ìró bo kẹ̀kẹ́ pátápátá kí oòrùn má baà pa ọmọ. Ooru inú ibẹ̀ ló máa ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kì í sì wọlé. Àjọ The Lullaby Trust ní Britain ti ń kìlọ̀ lórí èyí tipẹ́. Ìbòrí tirẹ̀ tó ní ihò afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n lò. Èéfín ńkọ́? Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Surrey sọ pé ọmọ inú kẹ̀kẹ́ lè fa èéfín mọ́tò tó fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ, torí pé orí rẹ̀ sún mọ́ ibi tí èéfín ti ń jáde.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀já kò fi lè kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá ga ju ẹnu sàléńsà lọ, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń fo gọ́tà, bí ọmọ sì ṣe ń ya itan mọ́ ìyá rẹ̀ lára dára fún eegun ìbàdí. Ní Ọba Adésidà lásìkò tí ọkọ̀ dí, kí ìyá pọn ọmọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wà fún inú ọgbà yunifásítì FUTA, fún Alágbàká àti Ìjàpọ̀, fún ìrọ̀lẹ́ àti àárọ̀ kùtù, fún bàbá tó fẹ́ gbé ọmọ rìn kí ìyá rẹ̀ lè sinmi.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí Gúúsù Àkúrẹ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ méjèèjì: kí wọ́n fi kọ́ńkéré bo gọ́tà, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ìdagun sí ibi tí àtẹ̀gùn wà, kí wọ́n sì wá àyè mìíràn fún àwọn tó ń pàtẹ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ títí dé ibùdókọ̀. Arúgbó tó ń lo ọ̀pá àti abirùn tó ń lo kẹ̀kẹ́ ti ń dúró de ọ̀nà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dé Ìsìkàn.