Ẹ san owó iṣẹ́ agbálẹ̀ pé kí ẹ tó ta á lọ́rẹ

Bí ọdún Kérésì tàbí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan máa ń jẹyọ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, Accra, Kùtọnu àti Lomé: èló ló yẹ kí èèyàn fi ta ẹni tó ń bá a tún ilé ṣe lọ́rẹ? Àwọn kan ń fún un ní ìrẹsì àti adìẹ. Àwọn kan ń kó aṣọ àlòkù fún un. Àwọn mìíràn gbà pé nígbà tí àwọn ti ń san owó oṣù, ó parí.

Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ṣé owó iṣẹ́ gan-an pé?

Ẹni tó bá ń ná ọjà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ènì. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà á kọ́kọ́ wọn kóńgò rẹ̀ kún, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu díẹ̀ lé e. Kò sí oníbàárà tó máa gbà kí wọ́n fi ènì dí kóńgò tí kò kún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ń ṣe fún agbálẹ̀ wọn nìyẹn: wọ́n á jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, wọ́n á wá gbé ìrẹsì kékeré fún un lọ́dún, wọ́n á sì máa retí ìdúpẹ́.

Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ gbèjà wọn. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ilé wo ló ní agbálẹ̀ 25? Gánà sàn díẹ̀: lọ́dún 2020, ó ṣe ìlànà tó ní kí ìwé àdéhùn wà láàárín òṣìṣẹ́ inú ilé àti ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú sí Lẹkí ti fò sókè. Aṣọ àlòkù kò burú tó bá wu ẹni tí wọ́n fún, ṣùgbọ́n aṣọ kì í san owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wá fọ ilé lẹ́yìn ìnáwó, tó bá ogún ìkòkò ọlọ́ràá nílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ṣe. Kí wọ́n san owó rẹ̀, kí wọ́n má pè é lọ́rẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọrẹ tó délẹ̀. Àṣà kò dá iye kan pàtó lé e ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Agbára ẹni ló kù. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi fún un, nítorí ní Èkó àti Accra bákan náà, ọwọ́ òsì ń ba ọrẹ jẹ́. Kí ó sì dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó ló ti Benin àti Togo wá nípasẹ̀ ẹ̀jẹnti, ẹ̀jẹnti tàbí òbí ló sì sábà máa ń gba owó oṣù wọn. Owó tí àlejò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìkan ṣoṣo tí yóò pè ní tirẹ̀. Síbẹ̀, àlejò kò tíì dé ẹnu géètì tí màdáámú á ti na ọwọ́ pé, “Gbé e wá, màá bá ẹ tọ́jú ẹ̀.” Gbogbo ẹni tó ti ṣe ọmọdé rí nílẹ̀ Yorùbá ló mọ ibi tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí.

Kí àlejò náà fún un lójú onílé. Owó tí wọ́n bá fi sábẹ́ ìrọ̀rí lè di ẹ̀sùn olè kó tó di ọrẹ, ìdí nìyí tí agbálẹ̀ mìíràn fi máa ń gbé e padà sórí tábìlì láìmú un. Ní ilé tí wọ́n gbà fún ọjọ́ díẹ̀, tí onílé kò sí nítòsí, ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ “Tiyín ni” sí ti tó.