Ikorodu City ń gbayì, àmọ́ Ìkòròdú kò rí i wò

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City sílẹ̀ wo Ìkòròdú kí wọ́n tó fún un lórúkọ, ìlú náà sì ti jèrè orúkọ ọ̀hún. Ní sáà líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, tó sì parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà máa bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọ̀yá ìjà. Ẹni tó bá sì mọ ìṣe líìgì yìí mọ̀ pé kì í fojú àánú wo àlejò. Ẹgbẹ́ ogún ló wà níbẹ̀, ìdíje méjìdínlógójì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, mẹ́rin tó bá sì gbẹ́yìn ló máa já sí ìsàlẹ̀. Akwa United tó gba ife líìgì ní 2021 wà lára àwọn tó já lọ́dún náà. Lobi Stars já, Heartland já, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ náà já. Àlejò tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú kò já, ìdajì òkè tábìlì ni wọ́n bá a nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Iṣẹ́ ribiribi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nurudeen Aweroro àtàwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Àmọ́ ó ku ibì kan. Ilé tí Ikorodu City ti ń gbàlejò ní sáà náà kò sí ní Ìkòròdú. Oníkàn ni, ní Erékùṣù Èkó, ní pápá Mobolaji Johnson, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí King George V láyé ìjọba àwọn òyìnbó. Pápá tó dára ni, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náwó sí i, orúkọ ológun tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà Èkó ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń bá Oníkàn jà. Ṣùgbọ́n ìgbà mọ́kàndínlógún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbàlejò nínú sáà kan. Bí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Ìkòròdú bá ń gbàlejò nígbà mọ́kàndínlógún lẹ́yìn odò, kí ni ìyá oníṣòwò ní ọjà Sábó, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àgríìkì, àti bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀dẹ́ rí jẹ níbẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, ẹ jẹ́ kó múra. Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí wọ́n ṣí ọ̀nà rẹ̀ dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, ó máa gba Mile 12, Kétu, Maryland àti Fádèyí kó tó dé TBS. Bí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpákodò, ó yá díẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni omi ọ̀sà kò bà lẹ́rù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá parí nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ tún di ìrìn-àjò padà sílé, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ti ará Ẹ̀pẹ́ tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ní láti gba Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì bọ́ sí Ajáh kó tó wá sí Erékùṣù, nígbà tó jẹ́ pé Ìtòìkín ló yẹ kó gbà wá sí Ìkòròdú, kó wò bọ́ọ̀lù tán, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Abájọ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jókòó sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń tìtorí Arsenal àti Chelsea gba ara wọn létí. Wọ́n mọ orúkọ ìyàwó agbábọ́ọ̀lù ìlú London, wọn kò mọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Ìkòròdú. Ní ọdún 2016 àti 2017, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìlú náà nílẹ̀ yìí, Badoo ni ẹni tó ń gbọ́ kọ́kọ́ máa ń rántí, àwọn òǹrorò tó ń wọlé tọ àwọn ènìyàn lóru, tí wọ́n ń pa odidi ìdílé. Àwọn onílé ń sá, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣọ́ òru mọ́jú, àwọn kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tilẹ̀ kú ikú ìfura. Ìlú tó ti la irú èyí já mọ iyì kí wọ́n máa pe orúkọ òun fún ohun rere. Ní báyìí, ní Kánò, ní Àbá, ní Port Harcourt, wọ́n ń dárúkọ Ìkòròdú lórí rédíò lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹ̀rù nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa sọ pé ìlú tó wà létí Èkó kò lè ní pápá líìgì tirẹ̀, pé owó kò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo Ìkẹ́nnẹ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ lé díẹ̀ ní 118,000 ènìyàn. Ti Ìkòròdú lé ní 535,000, ti Ẹ̀pẹ́ sì lé ní 181,000. Síbẹ̀, ní ìlú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ yìí ni Remo Stars ti gba ife líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 2025. Wọ́n na Niger Tornadoes ní 1-0 nígbà tí ìdíje mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, ní 2023 àti 2024, ni wọ́n ti ṣe ipò kejì kí ó tó bọ́ sí i fún wọn. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Yorùbá tó tún fọwọ́ kan ife náà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko. Kunle Soname, tó ti fìgbà kan ṣe alága ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkòsí-Ìsheri ní Èkó níbí, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ó kọ́ pápá sí ìlú tí ẹgbẹ́ ń gbé, àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n bọ́ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbàlejò Mamelodi Sundowns ti South Africa ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ojú wọn sì rí màbo, 5-1. Ìyẹn kò gba ife kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń kọni lóminú ni pé Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ dàgbà. Àwọn àgbà kò lè gbàgbé Stationery Stores, ẹgbẹ́ Israel Adébájọ̀, ẹgbẹ́ tí Haruna Ilerika ti fi ẹsẹ̀ dárà. Adébájọ̀ kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà ṣì gba líìgì ní 1992, àmọ́ aáwọ̀ lórí ẹni tó ni ín kò jẹ́ kó simi, ibẹ̀ náà ló sì rọ̀ sí. Julius Berger tó gba líìgì ní 1991 àti 2000, ta ló tún ń gbúròó rẹ̀? MFM ṣe ipò kejì ní 2017, ní 2022 ó ti já. Sporting Lagos bọ́ sí líìgì àgbà ní 2023, ariwo rẹ̀ gba ìgboro kan, Oníkàn kún fún àwọn ọ̀dọ́, nígbà tó fi máa di 2024, òun náà ti já. Ọdún yẹn gan-an ni Ikorodu City gòkè. Bí ìgbà tí ọ̀kan ń jáde lẹ́nu ọ̀nà tí èkejì ń wọlé ni. Lára ohun tó so 3SC ró nílùú Ìbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní IICC tó gba ife Áfíríkà ní 1976 títí di òní, ni pé ó ní ìlú lẹ́yìn. Bí 3SC bá já sí ìsàlẹ̀ lónìí, àwọn tó máa sunkún wà ní Mọ́kọ́lá àti Bẹẹrẹ. Bí Ikorodu City bá já lọ́la, ṣé wọ́n máa mọ̀ ní Ìmọ̀ta?

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún ìjọba, iṣẹ́ sì wà fún àwọn tó ni ẹgbẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan àti ìjọba ìdàgbàsókè márùn-ún ló wà ní ẹkùn Ìkòròdú: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Àríwá Ìkòròdú, Ìwọ̀-Oòrùn Ìkòròdú, Ìgbógbó-Báyékù, Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ́. Alága mẹ́fà. Gbogbo wọn ló ń ra jẹ́sì àti ife fún ìdíje tí wọ́n fi orúkọ ara wọn sọ, pàápàá bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá da owó ife ọlọ́jọ́ kan wọ̀nyí pọ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbé èyí tó wúwo, pápá kan tó ní koríko gidi, ògiri yíká, yàrá ìmúra fún ẹgbẹ́ méjì àti adájọ́, ìjókòó fún ẹgbẹ̀rún mélòó kan àti ọ̀nà àbájáde tó fẹ̀, kò kọjá agbára wọn. Kò pọn dandan kó dà bíi ti Sùúrùlérè. Ìjókòó ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó kún sàn ju ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún tó ṣófo lọ.

Ẹ̀pẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ dúró kí Ìkòròdú ṣe tirẹ̀ tán. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́, Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn létí ọ̀sà láti kékeré, síbẹ̀ kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tó gbé orúkọ ìlú náà dé líìgì àgbà. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá níbẹ̀ ní láti lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí ní Sùúrùlérè tàbí Àgége kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti ń sọ ọ́ nù nìyẹn, sí ọkọ̀ iyanrìn àti ọ̀kadà. Ọgbọ́n tó yá jù ni kí Ikorodu City máa lọ yẹ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀rẹ́dò àti Ẹ̀jìnrìn wò lọ́dọọdún, níbẹ̀ gan-an, lórí pápá tiwọn.

Ní ti àwọn tó ni ẹgbẹ́, wọn kò ní láti dúró de pápá ńlá kí wọ́n tó dé ilé. Ìgbáradì ṣáájú sáà, ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ń fi àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun han ayé, gbogbo wọn ló ṣeé ṣe ní Ìkòròdú lórí pápá tó wà nílẹ̀. Wọ́n lè gbé bọ́ọ̀sì mélòó kan kalẹ̀ ní gáréèjì lọ́jọ́ ìdíje, kí wọ́n máa kó àwọn arúgbó àti ọmọ ilé ìwé lọ sí Oníkàn ní ẹ̀dínwó. Lẹ́yìn náà, kí àwọn alága mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ jọ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso líìgì, kí wọ́n ní kí ó rán àwọn ayẹpápáwò wá sí Ìkòròdú, kí àwọn yẹn sì kọ ohun tó kù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìṣirò owó ọdún tó ń bọ̀ tó dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀.