Ọ̀RỌ̀ ARÁ ILÉ: Orúkọ Ìyá Kò Gbọdọ̀ Kù Nínú Ìwé Ìdílé

  

Lẹ́yìn iná tí ó jó Monday Market ní oṣù February 2023, a pinnu láti kọ orúkọ gbogbo ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ìwé tí iná jó kì í padà wá. Àṣìṣe ni a kọ́kọ́ ṣe. A kọ orúkọ baba síwájú, a fi àyè mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọmọ. Kò pẹ́ tí baba ọlọ́mọ mẹ́rìnlá dé!

Nísinsìnyí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà baba rẹ̀, nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Ọmọ ni ó ń tọ́ka sí òbí. Ọmọ lè di ogún, ṣùgbọ́n baba kan, ìyá kan ni ènìyàn ní. Edgar Codd ti ilé iṣẹ́ IBM ni ó gbé irú ètò onílà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1970.

Ìbéèrè ni ó le. Bí a bá fẹ́ mọ àwọn ọmọ nọ́ńbà 7, ìdáhùn yá. Bí ó bá jẹ́ gbogbo àtọ̀mọdọ́mọ rẹ̀ ni, àfi kí a wá ọmọ, kí a wá ọmọ àwọn ọmọ náà, títí a kò fi ní rí ẹnì kan mọ́. Ní 1999 ni àṣẹ WITH RECURSIVE, tí ń ṣe èyí fún ni, wọ inú òfin èdè SQL. Àwọn mìíràn a máa kọ ipa ọ̀nà, bíi 7/19/42, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Ó yá láti kà, ṣùgbọ́n bí a bá ṣi ipò 19 kọ, gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni a ó tún kọ.

Àwọn kan ń bínú pé kí ni a ń béèrè ìyá sí. Ẹ rántí ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu ní Èkó: aya mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé orí-ò-jorí ni, kí a pín in sí mẹ́sàn-án, tàbí ìdí-igi, kí a pín in sí mẹ́rin? Ní 1962, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdí-igi. Ìwé tí ó ní orúkọ baba nìkan kò lè pín irú ogún bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú orúkọ àwọn ìyá wá fún Akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, àti ti àwọn tí wọ́n ti kú, àti ti àwọn tí wọ́n ti kọ ọkọ sílẹ̀.