Òfin Mọ̀ Pé Obìnrin Yàtọ̀, Ọ̀gá Ni Kò Fẹ́ Mọ̀



Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń di ọjà lọ bá máníjà kan, èsì tó fún wa ni pé òṣìṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ ń jẹ́, pé ilé-iṣẹ́ kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n aboyún oṣù méje tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni a torí rẹ̀ wá. Àga lásán ni a ní kí wọ́n fún un, wọn kò fún un.

Ní ti owó oṣù àti ìgbéga, kí ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba, a ó sì máa jà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í lóyún, kì í rọbí, kì í fún ọmọ lọ́mú. Níbi tí ara bá ti yàtọ̀, kí òfin dárúkọ obìnrin ketekete.

Òfin ilẹ̀ wa sì dárúkọ rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti 1974, apá 54, sọ pé bí dókítà bá kọ̀wé pé ó ku bí ọ̀sẹ̀ 6 tí obìnrin yóò bímọ, ó lè lọ sinmi; bí ó bá bí tán, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ ni wọn yóò san. Bí ó bá padà tó ń tọ́mọ, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ tirẹ̀ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 sì ní kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin.

Ẹ wo oṣù 6 yẹn dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà rẹ́ wa jẹ. Wọ́n á gba obìnrin ní káṣúà, wọ́n á dá a dúró ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á tún gbà á bí ẹni tuntun. Ó ti lo ọdún 3, síbẹ̀ kò tíì pé oṣù 6! Ọjọ́ tó bá bímọ, kọ́bọ̀ kò kàn án.

Apá 55 òfin kan náà ní kí obìnrin má ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, àfi nọ́ọ̀sì àti àwọn tó wà nípò ọ̀gá. Lórí èyí, ẹnu àwa gan-an kò kò. Owó ṣíìfù alẹ́ ni àwọn obìnrin míì fẹ́ máa fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Lójú tiwa, oyún àti ọmọ ọwọ́ ló tó ìdí láti dá obìnrin sí lóru, kì í ṣe pé ó jẹ́ obìnrin lásán.

Ohun tí a ó bá àwọn ọ̀gá sọ nìyí: owó ìsinmi ìbímọ ní kíkún, àti ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 bí Àdéhùn 183 tí àjọ I.L.O. ṣe ní 2000 ti wí. Kí wọ́n ka gbogbo oṣù káṣúà pọ̀. Ẹ̀yin ará gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ fún àwọn obìnrin yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọkùnrin kan ń kùn pé kò kan àwọn. Ẹ bi ìyàwó yín nílé. Obìnrin tí wọ́n bá ti dá dúró kó tó pé oṣù 6, kó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ wá fún wa, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. A ń kó wọn jọ.