Kí Ẹ Tó Sanwó Ìdánwò Kọ̀ǹpútà Fọ́mọ, Ẹ Bèèrè Nọ́ńbà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò òbí, ó sì kan ọjọ́ ọ̀la ọmọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ti ṣe NYSC tán ló fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni CompTIA A+. Ìdánwò méjì ni. Ti àtijọ́, ìyẹn 220-1101 àti 220-1102, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 2025. Ti tuntun, 220-1201 àti 220-1202, ti wà láti oṣù Kẹta ọdún náà. Ibi tó ti le nìyí: wọn kì í gba àdàlù. Ọmọ tó yege 1101, tí kò ṣe 1102 kí ọjọ́ náà tó pé, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ kò pàdánù. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́, kó sì tún un ṣe kó tó pé.

Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, owó ńlá ló wọgbó yẹn.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó fún olùkọ́ kankan, ẹ bi í: “Nọ́ńbà wo lẹ ń kọ́ wọn?” Tó bá ní 1101, ẹ mú owó yín padà sílé.

Àwọn kan ń sọ pé ìwé ẹ̀rí yìí ò wúlò. Àwọn mìíràn ní béèyàn bá ti gbà á, iṣẹ́ dé. Àwa ò gba ìkankan gbọ́. Nínú ìdánwò kìíní tuntun, wíwá àṣìṣe ẹ̀rọ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ìdá 28 nínú 100. Nínú ìkejì, ààbò náà gba 28. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ AI kún un. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń bèèrè, àmọ́ àwọn ọmọ kan ń há ìdáhùn sórí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá bá kọ̀ ní ọ́fíìsì, ta ni yóò há ìyẹn? À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ohun tá a rò rèé. Kí ọmọ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: ètò 3MTT tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí Dókítà Bosun Tijani ń darí gbé kalẹ̀ ní 2023 wà fún irú wọn. Lẹ́yìn náà, kó lọ kọ́ṣẹ́ lóṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún laptop ṣe, bíi ní Banex Plaza ní Wuse 2. Dìgírì ò ní kéèyàn má kọ́ṣẹ́; bàbá wa tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ló rán púpọ̀ nínú wa níwèé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá sanwó ìdánwò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láàárín wa, ẹ mú ọmọ kan ṣoṣo mọ́ra, kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe hàn án. Ìwé ẹ̀rí á ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lé e jáde.